Iṣẹ́ Tí Agbẹnusọ Kò Jẹ́

Bàbá gbìyànjú láti gun àtẹ̀gùn ilé ìwòsàn náà, àmọ́ èémí rẹ̀ kò gbé e dé ìdajì. Ó di irin ẹ̀gbẹ́ àtẹ̀gùn mú, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, ó sì padà wá jókòó sórí bẹ́ǹṣì ìsàlẹ̀.

"Ìwọ lọ bá mi gbọ́ ohun tí dókítà fẹ́ sọ wá," ó wí fún ọmọbìnrin rẹ̀. "Ṣebí ìwọ ni Agbẹnusọ."

Agbẹnusọ ni gbogbo àdúgbò ń pè é láti kékeré, nítorí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi. Ìyá rẹ̀ ti kú. Òun àti bàbá rẹ̀, tó jẹ́ gbẹ́nàgbẹ́nà, ló kù sílé. Ọdún tó yẹ kó ṣe ìdánwò àṣekágbá gan-an ni ikọ́ bàbá wọlé dé. Òun ló ń se oúnjẹ, òun ló ń fọṣọ, òun náà ló ń gbé bàbá jókòó bí ikọ́ bá dì í mú. Bó bá dé kíláàsì, oorun ló ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

Ó hàn lójú dókítà tó bá lókè pé ó ti rẹ̀ ẹ́. Obìnrin tó ń fara balẹ̀ sọ̀rọ̀ ni.

"Àwọn sẹ́ẹ̀lì ara máa ń rán iṣẹ́ síra wọn," ó ní. "Àwọn purotéènì ló ń jẹ́ iṣẹ́ náà. Ọ̀kan á ní 'ẹ pọ̀ sí i,' òmíràn á ní 'ó tó, ẹ dúró.' Purotéènì kan wà lára sẹ́ẹ̀lì tó dà bí etí. Nínú ẹ̀dọ̀fóró bàbá rẹ, etí yẹn ti bàjẹ́. Ẹnikẹ́ni ò sọ̀rọ̀, òun ń gbọ́ 'ẹ pọ̀ sí i' ṣáá. Ohun tó di jẹjẹrẹ nìyẹn. Iṣẹ́ yẹn náà ló ń lé àwọn sẹ́ẹ̀lì kúrò nílé wọn. Wọ́n ti gba inú ẹ̀jẹ̀ dé egungun ẹ̀yìn rẹ̀."

"Ṣé ó máa lọ, mà?"

Dókítà yọ awò ojú rẹ̀. "Kò ní í lọ tán. Àmọ́ oògùn wà tó ń dí etí yẹn. Àwọn tí tiwọn rí báyìí sábà máa ń pẹ́ ju àwọn yòókù lọ, bí wọ́n bá ń lò ó lójoojúmọ́. Bó bá yá, àrùn náà lè wá ọ̀nà míì gbà. Bí bàbá rẹ bá sì dá oògùn dúró, á tún gbérí. Sọ gbogbo rẹ̀ fún un, má gé nǹkan kan kù. Bó bá ní ìbéèrè, pè mí, màá sọ̀ kalẹ̀."

Agbẹnusọ sọ̀ kalẹ̀ jẹ́jẹ́. Bàbá gbójú sókè. Ojú lọ̀rọ̀ wà, ọmọ náà sì yára gbé ojú tirẹ̀ sí ògiri. Ó ti rẹ̀ ẹ́. Kò lágbára ẹkún mìíràn mọ́.

"Wọ́n ní ó ti ń lọ, bàámi. Oògùn yìí ló máa parí ẹ̀."

Bàbá rẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́ tí ọmọ náà ti rí ẹ̀rín yẹn gbẹ̀yìn.

Oògùn náà ṣiṣẹ́. Ikọ́ rọlẹ̀, bàbá padà sí ṣọ́ọ̀bù, ó gba iṣẹ́ kọ́bọ́ọ̀dù ńlá kan. Ṣùgbọ́n oògùn náà ń mú kí nǹkan wẹ́wẹ́ sú sí i lójú, ó sì ń mú kó ya ìgbẹ́ gbuuru. Bàbá wò ó pé àìsàn ṣáà ti ń lọ. Kí ló tún ń fìyà jẹ ara òun fún? Ó rọra ṣíwọ́ lílo rẹ̀, kò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Kò pẹ́ tí ikọ́ fi padà. Ẹ̀yìn bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé e mọ́. Wọ́n gbé e padà sí ilé ìwòsàn. Lórí ibùsùn níbẹ̀, ó jẹ́wọ́ pé òun ti dá oògùn dúró, dókítà sì béèrè ìdí rẹ̀.

"Ọmọ mi ló ní ẹ sọ pé ó ti ń lọ," bàbá dáhùn.

Dókítà wo Agbẹnusọ.

"Bàámi, irọ́ ni mo pa. Wọ́n ní kò ní í lọ tán. Mi ò fẹ́ kí ọkàn yín bàjẹ́."

Bàbá kò bínú, ì bá tiẹ̀ sàn kó bínú.

"Nígbà tí ẹsẹ̀ mi ṣì gbé mi," ó wí, "kọ́bọ́ọ̀dù olówó ni mo ń kàn. Ká ní mo mọ̀ ni, ọ̀dọ̀ ìyá mi ni ǹ bá lọ. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń sọ pé mò ń bọ̀."

Bàbá tún bẹ̀rẹ̀ sí í lo oògùn. Ikọ́ tún rọlẹ̀ díẹ̀, àmọ́ ẹsẹ̀ kò padà bọ̀ sípò. Agbẹnusọ ló lọ mú ìyá àgbà wá, ó dì í lọ́wọ́ mú sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀. Kí wọ́n tó wọlé, ó jókòó tì í, ó sọ gbogbo ohun tí dókítà wí fún un, títí kan èyí tí òun ti fi pa mọ́. Ìyá àgbà sunkún, ó nu ojú, ó wọlé lọ di ọwọ́ ọmọ rẹ̀ mú. Àwọn méjèèjì sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú.

Àánú ló mú ọmọ náà purọ́, síbẹ̀ irọ́ náà ló jí àkókò bàbá rẹ̀ lọ. Àìsàn là ń wò, a kì í wo ikú. Ṣùgbọ́n ẹni tí àìsàn ń ṣe ló ni ara rẹ̀, òun ló sì lẹ́tọ̀ọ́ láti mọ òtítọ́ nípa rẹ̀. Bí òtítọ́ bá wúwo jù fún ọ láti gbé, pe àgbà kó bá ọ gbé e. Má fi irọ́ rọ́pò rẹ̀.