Àwọn Nọ́ńbà Pupa Sùlíyá

Ọkùnrin náà ga débi pé ó ní láti tẹrí ba kó tó lè wọ ọ́fíìsì, gírísì sì dé ìgúnpá rẹ̀. Sùlíyá gbójú sókè nídìí táípì. Ẹ wo èjí lẹ́nu ọkùnrin!

"Ta ló tẹ ìwé ìtọ́sọ́nà ẹ̀rọ tuntun yìí?"

"Èmi ni. Kí ló bàjẹ́ níbẹ̀?"

"Kò sóhun tó bàjẹ́ o. Mo wá dúpẹ́ ni." Nùréènì lorúkọ rẹ̀, òun ló ń tún ẹ̀rọ ìhunṣọ ṣe nílé iṣẹ́ náà ní Ìkẹjà, lọ́dún 1958. "Nínú ìwé àtijọ́, wọ́n á fa ìlà sábẹ́ nọ́ńbà tí a fi ń mọ irin ẹ̀rọ kan, wọ́n á fi lẹ́tà ńlá kọ òmíràn, wọ́n á da ìyókù mọ́ ọ̀rọ̀. Ìwọ fi pupa tẹ gbogbo nọ́ńbà, láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Bí mo bá ti ṣí i, ojú mi ti bá a. Ọwọ́ rẹ mà dára o."

"Ọwọ́ mi lẹ rí àbí ojú mi?"

"Ọwọ́ ni mo kọ́kọ́ rí. Ojú ló wá dá mi dúró."

Háà, ó parí! Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti jọ ń rìn lọ sí Agége lẹ́yìn iṣẹ́. Nùréènì ní kẹ̀kẹ́, ṣùgbọ́n títì ló ń tì í, kí ọ̀nà lè pẹ́.

Àfáà Shuaib, bàbá Sùlíyá, tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní kéú, gbọ́ pé ọkùnrin kan ń sin ọmọ òun wálé. "Iṣẹ́ òyìnbó yẹn ló fẹ́ bà ọ́ jẹ́," ó ní. "Tí oṣù yìí bá ti parí, o ò lọ mọ́." Sùlíyá sunkún títí ojú rẹ̀ wú, torí ó fẹ́ràn iṣẹ́ náà bí ẹ̀mí ara rẹ̀.

Nígbà tí Nùréènì gbọ́, ó ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni kì í ṣe. Ó dá nìkan lọ sílé wọn, kò mú àgbà kankan dání.

"Ìwọ nìkan?" Àfáà fara ya. "Ṣé bí wọ́n ṣe ń tọrọ ìyàwó nílé yín nìyẹn?"

Nùréènì dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Ẹ má bínú, Baba. Ìyàwó kọ́ ni mo wá tọrọ. Tí ẹ bá ní kí n má rí Sùlíyá mọ́, n ò ní rí i mọ́. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ má mú un kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Kò sẹ́ni tó lè ṣe é bíi tiẹ̀." Ó na ìwé ẹ̀rọ náà sí i.

Àfáà ò gbọ́ òyìnbó, ṣùgbọ́n ó lójú. "Kí ni àwọn pupa yìí?"

Sùlíyá kúnlẹ̀. "Nọ́ńbà irin ni, Baba. Ọ̀dọ̀ yín ni mo ti kọ́ ọ. Tàdáà dúdú lẹ fi ń kọ Kùránì, pupa lẹ fi ń sàmì sí i, ẹ kì í sì í fi ọ̀kan ṣe iṣẹ́ èkejì."

Àfáà wá awò ojú rẹ̀, ó ń ṣí ìwé náà léwé léwé, ó ń wá èyí tó ṣìnà. Kò rí ẹyọ kan. Nígbà tó gbórí sókè, omi ti kún ojú rẹ̀.

"Mo ṣe bí o ti gbàgbé ilé ni, ọmọ mi. Máa bá iṣẹ́ rẹ lọ." Ó wá kọjú sí Nùréènì. "Ìwọ tó o gbà láti pàdánù rẹ̀ torí kó má baà pàdánù iṣẹ́ rẹ̀, dìde. Lọ pe àwọn àgbà yín wá lọ́jọ́ Jímọ̀, ká sọ̀rọ̀ yìgì."

Nùréènì ò dìde, ńṣe ló ń dọ̀bálẹ̀ dúpẹ́ ṣáá. Sùlíyá ló fà á lọ́wọ́ dìde, lójú bàbá rẹ̀, bàbá náà sì ṣe bí ẹni tí kò rí wọn.