Ìbéèrè Keje Tí N Kò Bi Alhaji

Ọjọ́ Sunday kan, lẹ́yìn àsálátù, àwa obìnrin mọ́sálásí wa ní Peckham, nílùú òyìnbó, jókòó, à ń mu tíì. Dókítà Tòún láti yunifásítì dìde sọ̀rọ̀. Kì í ṣe ẹlẹ́sìn wa, ṣùgbọ́n ó kúnlẹ̀ kí àwọn ìyá kó tó la ẹnu. Èyí tẹ́ wa lọ́rùn.

"Ẹ̀yin ìyá mi, nílùú yìí, nínú ọkùnrin dúdú mẹ́rin, jẹjẹrẹ próstéètì, ẹ̀yà ara ọkùnrin tó wà nísàlẹ̀ àpò ìtọ̀, máa ń mú ọ̀kan. Ti òyìnbó, ọ̀kan nínú mẹ́jọ ni. Síbẹ̀, tí a bá ń ṣe ìwádìí, a kì í rí àwọn èèyàn wa."

"Báwo lẹ ṣe máa rí wa?" ni Mìsítúrà ọ̀rẹ́ mi dáhùn. "Fọ́ọ̀mù yín dà bíi ti council! Inú bíìnì ìdọ̀tí ni tèmi ń bá lọ." Gbogbo wa rẹ́rìn-ín.

"Ìdí tí mo fi wá nìyẹn, Mummy. Ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ kọ ìbéèrè náà. Ẹ̀yin náà ni kẹ́ ẹ lọ bi àwọn èèyàn yín."

Oṣù méjì la fi kọ ìbéèrè mẹ́wàá. Ìkeje ni: "Ṣé ẹ ń tọ̀ lemọ́lemọ́, àbí ìtọ̀ kì í tètè jáde, àbí ẹ ti rí ẹ̀jẹ̀ nínú rẹ̀ rí?" Ẹni tó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, Tòún á pè é, á bá a ṣètò bó ṣe máa rí GP, ìyẹn dókítà àdúgbò rẹ̀. Èmi Bàrákàt ni mo kọ ìbéèrè yẹn. Mo jà fún un nígbà tí àwọn kan ní kò bójú mu. Ẹ wá wo ohun tí mo fi ṣe.

Mo gbé fọ́ọ̀mù lọ sílé Alhaji Ṣàmsúdéènì. Ọgbọ̀n ọdún ni wọ́n fi wa bọ́ọ̀sì kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Àwọn ló so yìgì mi. Àwọn ló kọ́ àwọn ọmọ mi ní kéwú.

Láàárín ìdajì wákàtí, Alhaji dìde lẹ́ẹ̀mẹta lọ sí ilé ìtọ̀. "Má bínú, Bàrákàt, tíì ni mo mu jù."

A dé ìkeje, ẹnu mi wúwo. Àwọn tó so yìgì mi, kí n wá máa bi wọ́n nípa ìtọ̀? Èwo ni ti àìlójútì! Mo fàmì sí "rárá" fúnra mi.

"Ṣé kò sí nǹkan kan níbẹ̀ yẹn?" Alhaji béèrè. Ojú wọn wà lórí bírò mi.

"Kò sí, sà. Ó ti kan ìkẹjọ."

Mo rò pé ọ̀wọ̀ ni mo bù fún wọn.

Oṣù méje kọjá. Mo wà níbi iṣẹ́, ní ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ní Bermondsey. Níbẹ̀, ojoojúmọ́ ni mò ń bi àwọn òyìnbó àgbàlagbà pé ṣé wọ́n ti tọ̀, n kì í tijú. Fóònù mi dún. Mìsítúrà ni.

"Bàrákàt, ṣé o ti gbọ́? Ẹ̀jẹ̀ ni Alhaji tọ̀ kí wọ́n tó ṣe àlùwàlá ní Jímọ̀. Wọ́n ti yẹ̀ wọ́n wò lọ́sibítù. Jẹjẹrẹ ni, ó ti wọ egungun."

Tòún wá bá mi lọ́sẹ̀ yẹn, fọ́ọ̀mù lọ́wọ́. "Aunty, Alhaji ní 'rárá' níbi ìkeje. Kí ni wọ́n sọ gan-an?"

Irọ́ ti dé orí ahọ́n mi. Mo wo àmì tí mo fọwọ́ ara mi fà. "N ò bi wọ́n."

Tòún jókòó tì mí. "Èèyàn mélòó lẹ ò bi?"

"Gbogbo àgbà ọkùnrin. Àwọn mọ́kànlá." Ká ní ilẹ̀ lanu lọ́jọ́ yẹn, ǹ bá kó sínú rẹ̀.

"Ẹ ṣé tí ẹ sọ ọ́. Àwọn mẹ́wàá ṣì wà tí a lè bi. Ṣùgbọ́n tí a bá kó 'rárá' irọ́ jọ, àwọn tó ń ka ìwádìí á ní àìsàn yìí kò yọ wá lẹ́nu. Wọ́n á gbé ìrànwọ́ lọ síbòmíràn."

Mo lọ bá Alhaji lọ́sibítù, mo kúnlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì. "Ẹ forí jì mí, sà. Ìbéèrè kan wà tí n kò bi yín. Èmi ni mo dáhùn rẹ̀."

"Mo mọ̀," ni wọ́n wí. "Mo ti ka ìbéèrè náà lórí fọ́ọ̀mù láti ibi tí mo jókòó sí. Mo ní tí ọmọ yìí bá bi mí, màá sọ. O ò bi mí, èmi náà ò sọ. Ojú ń tì ọ́, ojú ń tì mí, àìsàn tí kò lójútì ń bá iṣẹ́ ẹ̀ lọ."

Mo bú sẹ́kún.

"Wọ́n ní ikú yá ju ẹ̀sín. Ta ló wá sọ pé ìtọ̀ jẹ́ ẹ̀sín? Dìde jàre. Lọ bi àwọn tó kù, ní èmi ni mo rán ọ."

Mo lọ. Ilé mẹ́wàá, ẹ̀bẹ̀ mẹ́wàá. Ẹnìkan lé mi jáde. Òun náà ló pè mí láàárọ̀ ọjọ́ kejì pé kí n padà wá bi òun. Àwọn mẹ́rin dáhùn "bẹ́ẹ̀ ni" sí ìkeje. Wọ́n bá jẹjẹrẹ lára ọ̀kan nínú wọn, kò tíì tàn káàkiri. Dókítà ní ó ṣeé wò sàn.

Ẹ̀yin ọkùnrin wa, àrùn yìí kì í sábà fi àmì hàn níbẹ̀rẹ̀, ẹ má dúró dè é. Tí ẹ bá ti pé ọdún márùndínláàádọ́ta, ẹ lọ bá GP yín, ẹ ní kó ṣàlàyé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń pè ní PSA. Tí bàbá tàbí ẹ̀gbọ́n yín bá ti ní in rí, ẹ sọ fún un. Tí àwọn oníwàádìí bá kan ilẹ̀kùn, ẹ jẹ́ kí wọ́n wọlé, kẹ́ ẹ sì sọ òótọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń béèrè, ẹ má bá àgbà dáhùn.

Alhaji ń gba ìtọ́jú. Orí àga ni wọ́n ti ń kírun báyìí. Ojú ò tì wọ́n mọ́. Èmi lojú ṣì ń tì. Tá a bá pàdé ní mọ́sálásí, kí n tó kí wọn tán, wọ́n á ti béèrè: "Bàrákàt, ta lo bi lónìí?"