Ọ̀rọ̀ Atọ́kùn Tó Tẹ̀lé "Look"

Ẹ̀rọ amójútó fi Bàbá Adégòróyè sílẹ̀ lórí ibùsùn, ó sì jáde lọ wá a kiri lórí ilẹ̀ òṣùpá. Odindi wákàtí mẹ́ta ló fi wá a. Kí wọ́n tó dá ẹ̀rọ náà padà, ìgò afẹ́fẹ́ tó yẹ kó pààrọ̀ fún àgbàlagbà náà ti tán, bàbá sì ti kú.

Láyé ọjọ́ iwájú yẹn, àwọn Yorùbá ti tẹ ìlú dó sínú òṣùpá. Òkèèrè ni ẹ̀rọ wọn ti ń wá, Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni wọ́n sì ń gbọ́. Ohun tí èèyàn bá fẹnu sọ ni wọ́n ń ṣe, wọn kì í wo ohun tó ní lọ́kàn. "Look after" ni kí wọ́n tọ́jú ẹni. "Look for" ni kí wọ́n wá a lọ. Àwọn ọ̀rọ̀ atọ́kùn kéékèèké yìí ni Mojíbádé ti fi ogún ọdún kọ́ gbogbo ìlú. Níbi ìpàdé, ẹ̀gbẹ́ baálẹ̀ ni wọ́n ń gbé àga rẹ̀ sí.

Àfi ìgbà tí Fẹ́hìntọ́lá, ọmọ Bàbá Adégòróyè, ṣe awísétí. Kò ju hóró ẹ̀wà lọ. Èèyàn á fi sétí, á sọ ohun tó fẹ́ ní Yorùbá, awísétí á sì wí Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ fún un kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, tòun ti atọ́kùn tó yẹ ẹ́. Láàárín oṣù méjì, nínú ogójì akẹ́kọ̀ọ́ Mojíbádé, ó ku mẹ́ta. Wọ́n gbé àga rẹ̀ sẹ́yìn, wọ́n fi ti Fẹ́hìntọ́lá síbẹ̀. Ọmọ tó gbòdo nínú ìdánwò rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta! Bí wọ́n bá ti ń yìn ín, oúnjẹ kì í lọ lọ́nà ọ̀fun Mojíbádé mọ́.

Èyí tó wá dùn ún jù ni pé ọmọ náà kò gbéra ga. Ó mú àkójọ ọ̀rọ̀ tuntun tí yóò kó sínú awísétí wá, ó kúnlẹ̀.

"Ẹ bá mi yẹ̀ ẹ́ wò, mà. Tẹ́ ẹ bá ti ní ó dáa, ọkàn mi balẹ̀."

Mojíbádé yẹ̀ ẹ́ wò. Ó tún "depend of" ṣe sí "depend on", ó tún "listen at" ṣe sí "listen to". Nígbà tó dé ìdí "look", ó yọ "after" kúrò, ó fi "for" rọ́pò rẹ̀. Ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ kò ju pé kí ẹ̀rọ kan ṣìnà, kí wọ́n fi ọmọ náà rẹ́rìn-ín, kí wọ́n sì padà wá bá òun.

Lẹ́yìn ìsìnkú Bàbá Adégòróyè, Fẹ́hìntọ́lá gba gbogbo awísétí jọ, ó fọ́ wọn. Kíláàsì Mojíbádé tún kún. Fẹ́hìntọ́lá jókòó síwájú, ó ti rù kan eegun. Nígbà tí àwọn yòókù lọ tán, ó ní òun ti yẹ iṣẹ́ òun wò títí, pé ó ní láti jẹ́ pé òun ló da ọ̀rọ̀ méjèèjì pọ̀ lẹ́yìn tí Mojíbádé ti tún un ṣe.

"Ẹ ṣàlàyé 'look' fún mi, mà, kí n lè mọ bí mo ṣe pa bàbá mi."



"Ìwọ kọ́," Mojíbádé wí. "Èmi ni mo yí i. Mo mọ ohun tí mò ń ṣe nígbà tí mò ń yí i. Mò ń jowú rẹ."

Fẹ́hìntọ́lá dìde, ó jáde láìkí i.

Ní ọ̀sán ọjọ́ náà, Mojíbádé ti ilẹ̀kùn kíláàsì, ó sì fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ sílé baálẹ̀ láti lọ tún un sọ.