Ta Ló Ń Pe Àṣàkẹ́?

Òótọ́ ni ọ̀rọ̀ yìí. Bí Sàrátù ṣe sọ ọ́ fún mi ni mo ṣe kọ ọ́. N kò fi kún un, n kò yọ kúrò nínú rẹ̀.

Aránṣọ ni Sàrátù ní àdúgbò Hanoukopé. Yàrá iwájú ilé rẹ̀ ló ti ń ránṣọ. Ọmọ kan ṣoṣo ló bí: Àṣàkẹ́, ọmọ ọdún mẹ́fà, elẹ́nu bí ẹyẹ ẹ̀gà. Nígbà tí ìbéèrè ọmọ náà sú u, ó ra fóònù fún un.

Gàníyù, ọkọ rẹ̀, wò ó títí.

"Fóònù tirẹ̀? Ta ni yóò máa pè é?"

"Èmi ni."

"Ìwọ tó o máa ń gbọ́ bó bá wúkọ́?"

Sàrátù rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà, ilé dákẹ́. Ìdákẹ́jẹ́ náà dùn mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá dí ọmọ rẹ̀ lẹ́nu, kó mọ̀ pé ọmọ náà yóò wá ẹlòmíràn bá sọ̀rọ̀.

Ohun kan wà tó ti kọ́ ọmọ náà, bí ìyá tirẹ̀ ṣe kọ́ ọ: "Bó o bá gbọ́ orúkọ rẹ, tí o kò rí ẹni tó pè ọ́, má dáhùn o."

"Ó dáa, maman."

Ní ọ̀sán Ọjọ́rú kan, òwú tán lẹ́nu ẹ̀rọ. Sàrátù gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí rẹ̀. Alùpùpù kankan kò kọjá níta. Oòrùn mú. Ó gbọ́ ohùn obìnrin ní yàrá ẹ̀yìn.

"Àṣàkẹ́."

"Maà!"

"Kí lẹ ṣe nílé ìwé lónìí? Sọ ọ́ fún mi."

Sàrátù dìde. Ohùn òun fúnra rẹ̀ ni. Ìbéèrè yẹn, kò rántí ìgbà tó bi ọmọ rẹ̀ kẹ́yìn.

Ó wọ yàrá náà. Ọmọ náà jókòó lórí ẹní, fóònù létí. Ó já a gbà. Ó tẹ̀ ẹ́, kò tàn. Iná rẹ̀ ti kú. Ó sì tutù nini.

Ó sọ ọ́ sínú àpótí aṣọ, ó tì í pa, ó sì fi kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ kọ́rùn. Ó padà sọ́dọ̀ ọmọ náà.

"Àṣàkẹ́."

Ọmọ náà wo òkè àjà. Ó wo fèrèsé. Ojú rẹ̀ kọjá lójú ìyá rẹ̀, kò dúró.

"Àṣàkẹ́! Èmi ni!"

Ọmọ náà fi ọwọ́ méjèèjì bo etí. Ó ń sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́: "Maman ní bí n kò bá rí ẹni tó pè mí, kí n má dáhùn."

Gàníyù ti ibi iṣẹ́ dé.

"Àṣàkẹ́!"

"Ẹ káàbọ̀, papa!"

Ó yíjú sí ìyàwó rẹ̀. "Kí ló dé tó o fi ń sunkún?"

Kí Sàrátù tó lanu, ohùn rẹ̀ ti jáde láti inú àpótí.

"Àṣàkẹ́."

"Maà!"

Ọmọ náà rẹ́rìn-ín, ó sáré gba ẹ̀gbẹ́ ìyá rẹ̀ kọjá lọ sídìí àpótí.

Lọ́jọ́ tó sọ ọ́ fún mi, kọ́kọ́rọ́ àpótí náà ṣì wà lọ́rùn Sàrátù. Mo rí i.