Máṣíìnì Tí Josiah Gùn Lọ Sógun

"Bàbá! Ẹ jáde wá wò ó! Àwọ̀ ewé ló wà lábẹ́ dúdú yìí!"

Láti àárọ̀ ni Inúmidùn ti ń fi àkísà tó rẹ sínú kẹrosíìnì fọ táǹkì máṣíìnì náà. Ọyẹ́ ti la ètè rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ dúdú dé ìgúnpá, ṣùgbọ́n ta ló ń ro ìyẹn? Ọ̀dà dúdú tó ti ń rí láti kékeré ń bó lọ, àwọ̀ ewé tí àwọn ṣójà fi ń kun ọkọ̀ ogun sì ń yọjú díẹ̀díẹ̀. Nọ́ńbà funfun kan tó ti ṣá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ẹ̀yìn ilé wọn ní Kabba ni máṣíìnì náà wà, lábẹ́ igi máńgòrò. Gbogbo àdúgbò ló ní máṣíìnì katikíìsì ayé àtijọ́ kan ni. Adìyẹ tiẹ̀ ti yé sórí ìjókòó rẹ̀ rí. Inúmidùn nìkan ni kò gbà. Gbogbo ọlidé ló fi ń kọ́ iṣẹ́ mẹkáníìkì lọ́dọ̀ Búrọ̀dá Andrew, ojú rẹ̀ sì ti là sí ọ̀rọ̀ irin. Ó ti rí i pé iná iwájú máṣíìnì náà ní ìdérí irin tí wọ́n la ojú tẹ́ẹ́rẹ́ kan ṣoṣo sí. Ta ni í di iná ara rẹ̀ lójú, bí kò bá ṣe ẹni tí kò fẹ́ kí ọkọ̀ òfúrufú ọ̀tá rí òun? Lẹ́tà B.S.A., àmì ilé-iṣẹ́ òyìnbó tó ṣe é, wà lára ẹ́ńjìnnì, Búrọ̀dá Andrew sì ní irú rẹ̀ ni àwọn òyìnbó gùn nígbà ogun Hitler kí ó tó bọ́ sọ́wọ́ àwọn ṣójà tiwa.

Bàbá Moses, bàbá tó bí bàbá rẹ̀, fi ọ̀pá tilẹ̀ jáde. Wọ́n wo táǹkì náà títí. Wọ́n fi ìka tọ nọ́ńbà ara rẹ̀, omi sì bọ́ lójú wọn. Inúmidùn kò rí i kí bàbá àgbà náà sunkún rí, ẹ̀rù bà á.

"Bàbá, ṣé mo ti bà á jẹ́ ni?"

"O ò bà á jẹ́, ọmọ mi. Máṣíìnì Josiah ni. Mo fi ọwọ́ ara mi kùn ún ní dúdú kí ojú mi má baà máa rí i."

Wọ́n jókòó sórí àpáta tó wà lẹ́bàá igi náà, wọ́n sì sọ ohun tí wọn kò sọ fún ẹnikẹ́ni rí nínú ilé yẹn. Ọmọ Ayewa ní ilẹ̀ Bùnù ni Josiah. Nígbà ogun abẹ́lé, òun ló ń gun máṣíìnì yìí, tó ń fi í jíṣẹ́ ọ̀gá láti ibùdó kan dé òmíràn. Bàbá Moses ló ń bá a tún un ṣe. Abọ́ kan náà ni wọ́n jọ ń jẹun.

"Ọwọ́ mi ló kú sí, lẹ́bàá odò kan lọ́hùn-ún ní ìlà-oòrùn," ni Bàbá wí. "Ó ní, 'Moses, gbé mi délé o.' Mo ní màá gbé e. Ìbọn ń dún, a sáré sin ín sílẹ̀ onílẹ̀, a sì lọ. Nígbà tí ogun parí, tí wọ́n ń ta àlòkù àwọn ṣójà, mo ra máṣíìnì rẹ̀. Mo gùn ún dé ẹnu ọ̀nà Ayewa. Mo rí ìyá rẹ̀ lókèèrè, mo sì yí padà. Mo ní tó bá dọ̀la. Ọ̀la di ọdún, ìyá kú. Martha, àbúrò rẹ̀, ló kù. Martha ò tíì ṣe òkú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ títí dòní. Ó ní òun ò ní í sin òfìfo."

Wọ́n na ọ̀pá sí àpótí irin kékeré kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà ẹ̀yìn, èyí tí ìpẹtà ti dí ẹnu rẹ̀ pinpin.

"Ohun Josiah wà níbẹ̀. Má ṣí i. Níwájú Martha la ó ti ṣí i. Bá mi jí máṣíìnì yìí, Inúmidùn, kí o gbé mi dé Ayewa kí n tó kú. Mi ò bèèrè ohun mìíràn mọ́ láyé."

"Kí ló wà nínú ẹ̀, Bàbá?"

"A kì í dárúkọ rẹ̀ nínú ilé onílé. Ìdí nìyẹn tí n kò fi gbé e wọlé láti ìgbà yìí wá. Má ṣí i, ó parí."

Iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Inúmidùn àti Búrọ̀dá Andrew tú ẹ́ńjìnnì palẹ̀ sórí pákó. Eku ti kọ́lé sínú páìpù èéfín. Pisítìnì ti lẹ̀ mọ́ ibùgbé rẹ̀. Wọ́n da òróró sí i, wọ́n fi igi gbá a jẹ́jẹ́, wọ́n bẹ̀ ẹ́, ó kọ̀. Lọ́jọ́ tó jàjà mì, Andrew fò sókè bí ẹni tó jẹ tẹ́tẹ́. Kò sí ríǹgì tó ń yí i ká lọ́jà, wọ́n bá mú ti ẹ̀rọ ìlọta kan tó ti dákẹ́, wọ́n ń fi fáìlì tí wọ́n fi ń rẹ́ irin rẹ́ ẹ títí ó fi wọlé.

"Òyìnbó ṣe é, ata Kabba tún un ṣe!" ni Andrew ń fi ṣẹ̀fẹ̀.

Ní gbogbo àkókò yìí, ikọ́ ti dá Bàbá Moses dùbúlẹ̀. Láti ojú fèrèsé ni wọ́n ti máa ń béèrè pé, "Ó ti fọhùn?" Inúmidùn á ní kò tíì fọhùn. Ọ̀sán ọjọ́ kan ni ó fi ẹsẹ̀ ta á, tí ẹ́ńjìnnì náà wúkọ́, tó tú èéfín, tó sì bẹ̀rẹ̀ sí í dún, pó, pó, pó, ohùn àgbàlagbà. Bàbá dìde jókòó lórí ibùsùn, wọ́n sì rẹ́rìn-ín. Wọ́n fi ìrìn àjò sí Sátidé, Bàbá sì fi lẹ́tà tí wọ́n lẹ̀ rán Andrew sí àbúrò Josiah, Ìyá Martha, ní Ayewa.

Ibi tí ó yẹ kí ọ̀rọ̀ ti dùn nìyẹn. Àmọ́ ilé-ìwé Inúmidùn ń ṣe ìpàtẹ iṣẹ́ ọwọ́ ní Fráìdé, máṣíìnì náà ló sì fẹ́ gbé lọ. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ Emmanuella wá wò ó lọ́jọ́ tó ṣáájú. Ó yí i ká, ó ń yọ ṣùtì.

"Inú, gbogbo ara ẹ̀ ń dán, àpótí yìí wá dà bí egbò. Wọ́n á ní iṣẹ́ àbọ̀ lo ṣe."

"Bàbá ní kí n má ṣí i."

"Ta ló fẹ́ sọ fún wọn? Ṣí i, nu inú ẹ̀, kùn ún, pa á dé. Kí ló máa ń wà nínú àpótí máṣíìnì bí kò ṣe sípánà? Àwọn ọmọkùnrin kíláàsì wa ti ń sọ pé Andrew ló ṣe gbogbo ẹ̀, pé kí lobìnrin mọ̀. O fẹ́ kí wọ́n rí ìpẹtà yìí?"

Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọkùnrin yẹn ló wọ̀ ọ́ lára. Inúmidùn ń gbọ́ ikọ́ Bàbá. Ògiri kan ṣoṣo ló wà láàrin wọn! Ì bá wọlé lọ bẹ̀ wọ́n. Ì bá tiẹ̀ ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ kí n kùn ún níta lásán." Kò lọ. Ó da òróró sí ẹnu àpótí, ó fi sikirudiráfà yọ ọ́ díẹ̀díẹ̀, ó ṣí.

Sípánà méjì ló wà níbẹ̀ lóòótọ́. Lábẹ́ wọn ni aṣọ kékeré kan wà, kò ju àtàǹpàkò lọ, wọ́n fi òwú dì í, ọ́ìlì sì ti sọ ọ́ di dúdú, ó gan bí èèpo igi. Inúmidùn gbé e sí imú.

"Àkísà ni," ló wí, ó sì jù ú sínú iná tí wọ́n fi ń sun àwọn àkísà ọlọ́ìlì.

Ó gbiná kíá. Òórùn kan gbalẹ̀.

"Áà! Kí ló ń rùn bí ewúrẹ́ tí wọ́n ń wi?" ni Emmanuella wí, ó di imú. Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín. Wọ́n kun àpótí náà tinú tòde.

Máṣíìnì náà gba ipò kìíní. Wọ́n ya Inúmidùn ní fọ́tò, àwọn ọmọkùnrin yẹn pàtẹ́wọ́ fún un, inú rẹ̀ sì dùn dé ilé.

Ní Sátidé, wọ́n fi ọ̀já so Bàbá Moses mọ́ ẹ̀yìn Inúmidùn kí wọ́n má baà ṣubú. Andrew ń gun ọ̀kadà tẹ̀lé wọn. Eruku ọ̀nà Bùnù bò wọ́n. Nígbà tí wọ́n dé ẹnu ọ̀nà Ayewa, Bàbá sọ̀rọ̀ sí i létí pé, "Ibí ni mo ti yí padà." Inúmidùn ní, "A ti kọjá ibẹ̀ báyìí, Bàbá."

Àwọn ará ilé Josiah ti pé jọ. Wọ́n ti gbẹ́ ihò kékeré kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ sàréè ìyá rẹ̀. Ìyá Martha dúró ti ihò náà, aṣọ ìpò wà lọ́wọ́ wọn, aṣọ pupa tí àwọn Bùnù fi ń bu ọlá fún òkú wọn. Ìyá tó bí Josiah ló hun ún fún un nígbà tí ìròyìn ikú rẹ̀ dé, tó sì fi í sílẹ̀ fún Martha láti máa tọ́jú.

"Òkun o, Martha," ni Bàbá kí i, bí àwọn ará ibẹ̀ ti ń kíra, wọ́n sì fẹ́ dọ̀bálẹ̀, ara kò jẹ́. "Ojú ń tì mí."

"Òkun o. Ṣé ẹ dé, àbí ẹ ò dé? Ẹ dìde. Ẹ gbé ẹ̀gbọ́n mi fún mi."

Gbé ẹ̀gbọ́n mi fún mi. Bàbá ti ṣí àpótí náà. Inú rẹ̀ ń dán, sípánà méjì ń dán nínú rẹ̀. Wọ́n ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, wọ́n wá a kiri, wọ́n tún wá a.

"Inúmidùn, aṣọ kékeré kan wà níbí."

Ó kúnlẹ̀. "Bàbá, mo rò pé àkísà ni. Mo... mo sun ún."

"O sun ún?" Bàbá di etí àpótí náà mú. "Irun orí rẹ̀ ni. Èékánná ọwọ́ rẹ̀ ni, tí mo gé kí a tó sin ín, kí ilé lè rí nǹkan sin. Ẹ̀wù ara mi ni mo ya tí mo fi dì í. Òun nìkan ló kù nínú Josiah láyé yìí."

Ìyá Martha yíjú sí Inúmidùn.

"Eérú rẹ̀ ńkọ́, ọmọ?"

"Mo gbá a sí ààtàn, Màmá. Ọyẹ́ ti gbé e lọ."

Ìyá Martha jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, wọ́n na ẹsẹ̀ méjèèjì. Wọ́n ń fi ọwọ́ pa aṣọ pupa náà. Ẹnìkan nínú àwọn ọ̀dọ́kùnrin ní bóyá kí àwọn fi sípánà rẹ̀ sin ín, ó ṣáà lò wọ́n.

"Sípánà kì í ṣe ọmọ ìyá mi," ni wọ́n wí. "Ẹ dí ihò yẹn."

Wọ́n dí i. Inúmidùn dì mọ́ ẹsẹ̀ Ìyá Martha, ó ń ké bí ẹni tí wọ́n nà. Ìyá Martha gbé e dìde.

"N ò ní í ṣépè fún ọ. Ọmọdé ni ọ́. Ṣùgbọ́n má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún ọ pé kò burú. Ó burú."

Bàbá Moses kò rí òjò ọdún yẹn. Kí wọ́n tó kú, wọ́n pe Inúmidùn sẹ́bàá ibùsùn, wọ́n ní, "Ẹ̀bi náà kì í ṣe tìrẹ nìkan. Ìwọ kánjú, èmi lọ́ra, bẹ́ẹ̀ ni a ṣe sọ Josiah nù." Wọ́n sì súre fún un.

Ó ṣì ń lọ sí Ayewa ní ọlidé. Ó ń pọnmi fún Ìyá Martha, wọ́n jọ ń jẹun, wọ́n ń pè é ní ọmọ mi. Aṣọ pupa yẹn wà nínú àpótí aṣọ wọn títí di ìsinsìnyí, kò sẹ́ni tí wọn yóò fi bò.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí àgbà bá ní ẹ má fọwọ́ kan nǹkan, ẹ má tìtorí ìyìn àwọn ẹgbẹ́ yín fọwọ́ kàn án. Bí ẹ ò bá mọ ìdí rẹ̀, ẹ tún béèrè. Ẹ̀yin àgbà náà, ẹ sọ ìdí rẹ̀ fọ́mọ, kí ẹ sì jíṣẹ́ òkú nígbà tí ẹsẹ̀ yín ṣì ń gbé yín. Inúmidùn tọrọ ìdáríjì, ó sì rí i gbà. Martha ni kò rí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sin.