Lẹ́tà Láti Igbó Abẹ́ Òkun

Ẹrẹ̀ pupa gbé Honoré ṣubú níwájú Àpínkẹ́ bó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ nínú tákísì ní Ifangni, ìwé rẹ̀ sì fọ́n ká sínú omi òjò. Ọmọbìnrin náà, tó ń yan gàrí lábẹ́ àtíbàbà, rẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́ lójú rẹ̀, kó tó wá bá a ṣa ìwé.

“Pardon, mademoiselle.”

“Ilẹ̀ ni kó o bẹ̀. Ìwọ lo já lù ú.”

Láti ọjọ́ náà, Àpínkẹ́ ò jẹ́ kí gàrí tán nílé Honoré mọ́. Ṣùgbọ́n ọdún ò yí po tí ìjọba ológun, àwọn tó ń pe ara wọn ní kámáráàdì, fi rán an lọ sí Rọ́ṣíà, kó lọ kẹ́kọ̀ọ́ nípa òkun fún ọdún mẹ́fà.

Àwọn ẹgbẹ́ Àpínkẹ́ lọ sílé ọkọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Lọ́jọ́ ọjà, ó máa ń kọjá níwájú pọ́ọ̀sì, ibi tí wọ́n ti ń gba lẹ́tà, lẹ́ẹ̀mejì, bí ẹni tó gbàgbé nǹkan. Ògúnyẹmí, bàbá rẹ̀, ti yan ọkọ fún un: Ìdírísù, oníṣòwò aṣọ.

Lọ́dún kẹfà, lẹ́tà dé.

“Àpínkẹ́ mi, igbó kan wà lábẹ́ òkun níbí, ó ga ju ọ̀pẹ lọ, ẹja ń sá pamọ́ sínú rẹ̀. Ẹranko róbótó ẹlẹ́gùn-ún kan ń gé e jẹ láti ìdí. Ajá òkun, ẹranko onírun tó ń gbé inú omi, ló ń pa ẹlẹ́gùn-ún yìí jẹ tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn ọdẹ ti pa wọ́n tán nítorí awọ. Ẹranko kan tó rí bí ìràwọ̀ ló ṣẹ́ kù tó ń jẹ ẹ́. Àrùn ti wá pa ìyẹn náà. Igbó ti di àpáta lásán. Àwọn olùkọ́ mi ní kí n dúró ọdún kan sí i, ká wá ọ̀nà tí yóò fi tún hù. Bó o bá ní kí n wálé, mo ń bọ̀.”

Ògúnyẹmí ní kó kà á sókè. Ó gbọ́ ọ tán, ó ní:

“Ọdún tá a pa gbogbo ejò oko Tchaada, eku ò jẹ́ ká kórè àgbàdo. Ọmọkùnrin yìí lóye. Màá sọ fún Ìdírísù kó má dúró mọ́. Kí lo fẹ́ kọ sí i?”

“Kó parí iṣẹ́ ẹ̀, Bàbá.”

Àpínkẹ́ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ó wá wọ yàrá, ó sunkún. Ọdún kan yẹn gùn ju mẹ́fà ìṣáájú lọ.

Honoré dé nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ó ti rù, irun rẹ̀ ti ń funfun létí. Àpínkẹ́ wò ó bí àlejò.

“Ṣé igbó náà hù?”

“Apá kan. Ibi tá a ti fọwọ́ ṣa ẹlẹ́gùn-ún kúrò.” Ó gbá ọwọ́ rẹ̀ mú. “Olùfẹ́ mi, mi ò ní lọ mọ́ láéláé.”

“Láéláé ti pọ̀ jù fún mi. Ṣèlérí ọ̀la.”

“Màá wà níbí lọ́la.”

Kí oòrùn tó mú lọ́jọ́ kejì, Honoré ti dúró lẹ́nu ọ̀nà Ògúnyẹmí pẹ̀lú àwọn àgbà ilé rẹ̀. Wọ́n wá tọrọ ìyàwó.