Ewé Tí Kò Ní Gbòǹgbò

Dúró ná, ìwọ tó ń kàwé yìí. Bí o bá ń jẹun lọ́wọ́, gbé e sílẹ̀. Ewé kan wà lábẹ́ irin fún odidi ọjọ́ mọ́kànlá, kò sì gbẹ.

Obìnrin kan ló tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀ kó lè gbẹ, nínú yàrá tí wọ́n ń kó ewé gbígbẹ sí. Olójú Àwòdì ni wọ́n ń pè é níbi iṣẹ́, torí kò sí ewé inú igbó tí kò dá mọ̀. Òfin kan ló fi ń kọ́ àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé: bí kò bá sí gbòǹgbò, kò sí orúkọ. Ewé méjì kan wà tó jọra bí ìbejì, mẹ́ta-mẹ́ta lórí ẹ̀ka, etí wọn ń dán. Ọ̀kan ń hù lórí ilẹ̀ gbígbẹ, ó ṣeé sè jẹ. Èkejì ń hù létí adágún, àmì pupa kéékèèké wà nídìí igi rẹ̀. Ẹni tó bá jẹ ìyẹn, ó parí.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Ẹtì, bàbá arúgbó kan gbé àpò bébà wọlé, àpò náà rin gbingbin. Ewé nìkan ló wà nínú rẹ̀.

"Ọmọ mi, bá mi wò ó. Ìyàwó mi fẹ́ sè é. Ṣó ṣeé jẹ?"

"Gbòǹgbò rẹ̀ dà, Bàbá? Níbo lẹ ti já a?"

"Pẹ̀lú ẹsẹ̀ mi yìí, o fẹ́ kí n tún padà lọ? Àbí gbòǹgbò la fẹ́ jẹ ni?"

Ẹ̀rín pa obìnrin náà. Ìpàdé àdúrà ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀, òun ló sì máa dá orin. Kò bi ara rẹ̀ léèrè ibi tí omi ara àpò náà ti wá. Ó kọ ọ́ sórí ìwé méjì pé, "Ó ṣeé jẹ," ó fọwọ́ sí i, ó fún bàbá ní ọ̀kan, ó sì tẹ ẹyọ ewé kan sábẹ́ irin. Ibi tó yẹ kó kọ ilẹ̀ tí ewé náà ti hù sí, ó fi í sílẹ̀ lófìfo.

Lọ́jọ́ Ajé, ẹnì kejì rẹ̀ níbi iṣẹ́ sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ sí i létí. "O gbọ́? Bàbá ẹ̀bá adágún tó wá síbí lọ́jọ́ Ẹtì yẹn, òun àtìyàwó ẹ̀, wọ́n ti kú. Wọ́n ní ọbẹ̀ ni."

"Háà! Kí Ọlọ́run dẹ ilẹ̀ fún wọn," ló sọ. Ọkàn rẹ̀ ń wí pé, jẹ́wọ́. Ó ti ìwé kejì náà sí ìsàlẹ̀ dúrọ́ọ̀ tábìlì rẹ̀, ó sì tì í pa. Lọ́jọ́ Ìsinmi, ó tún dá orin, ohùn rẹ̀ sì dùn.

Láràárọ̀ tó bá gbé irin, ìrì wà lára ewé, òórùn ẹrẹ̀ a sì gba gbogbo yàrá. Lọ́jọ́ kẹsàn-án, ó ṣí dúrọ́ọ̀ náà, ibi tó fi sílẹ̀ lófìfo lórí ìwé ti lọ́rọ̀ nínú. Ìkọ̀wé ọwọ́ òun gan-an ni: "Létí adágún." Ó pa á rẹ́. Lọ́jọ́ kẹwàá: "Lójú ọ̀nà ilé." Ó tún pa á rẹ́. Lọ́jọ́ kọkànlá: "Lábẹ́ fèrèsé rẹ."

Ó sáré délé. Lórí ilẹ̀ gbígbẹ tí koríko pàápàá kì í hù, igi náà ga dé orúnkún, àmì pupa yí ìdí rẹ̀ ká. Wọ́n ti já púpọ̀ lórí rẹ̀. Ọmọbìnrin rẹ̀, ẹyọ kan ṣoṣo tó bí, ń ro ọbẹ̀ nínú ilé ìdáná.

"Màmá, ẹ káàbọ̀. Bàbá kan ló gbìn ín fún wa láàárọ̀. Ó ní ẹ mọ òun dáadáa. Omi ń kán lára ẹ̀ ṣáá, òjò ò sì rọ̀." Ó na ìwé tútù kan tí bàbá náà fi sílẹ̀ sí i. "Ó ṣeé jẹ" ló wà lórí rẹ̀, pẹ̀lú ọwọ́ tí ìyá fi sí i.

"O ò tíì jẹ ẹ́, àbí?"

Ọmọ náà rẹ́rìn-ín. "Mo kàn tọ́ ọ wò ni, Màmá. Ó dùn."

Ìwọ ńkọ́? Kí lo ti fọwọ́ sí tí o kò rí gbòǹgbò rẹ̀, tí o wá bò mọ́lẹ̀, tí o sì ń kọrin? Ìjẹ́wọ́ ọjọ́ Ajé ì bá ti fa nǹkan yìí tu. Aláàánú ni Ọlọ́run, ṣùgbọ́n ohun tí a bò mọ́ ilẹ̀ ń hù ni. Mo bẹ̀ ọ́, pa ìwé yìí dé, yí padà, lọ jẹ́wọ́ lónìí, kí ará ilé rẹ tó gbé ìkòkò kaná.